Ṣé òórùn omi aláwọ̀ ewé lè wo egbò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi inú àgbá tí mo gbé sí ìta ti di aláwọ̀ ewé. Ara àgbá náà ń yọ̀, omi rẹ̀ sì ń rùn bíi koríko tútù. Ẹnìkan ní kí n má dà á nù, pé àwọn onímọ̀ ti rí i pé ohun tó ń hù nínú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń pa bakitéríà, pé òórùn yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Ṣé mo lè fi fọ egbò ẹsẹ̀ mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kan egbò rárá. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò purọ́, àmọ́ inú yàrá ìwádìí ni ohun tó gbọ́ ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú àgbá.

Algae ni wọ́n ń pe ohun aláwọ̀ ewé yẹn. Ní 1944, Robert Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé Chlorella, ọ̀kan lára àwọn algae inú omi tí kò níyọ̀, ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí bakitéríà gbilẹ̀. Wọ́n pè é ní chlorellin. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ásíìdì inú ọ̀rá ni, èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Irú ásíìdì yìí máa ń wọ inú awọ tó bo bakitéríà, á dà á rú, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Staphylococcus aureus, bakitéríà kan tó sábà máa ń wọ inú egbò, sábà máa ń juwọ́ sílẹ̀ fún un. E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, kì í tètè kú bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní awọ kejì níta tó ń dènà ọ̀rá.

Ibi tí òórùn ti wọlé nìyí: bí ara algae bá fọ́, àwọn ọ̀rá yìí kan náà á já sí wẹ́wẹ́, wọ́n á di èròjà tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Hexanal, tó ń rùn bíi koríko, wà lára wọn. Beta-ionone náà wà níbẹ̀, èyí tó ń wá láti ara èròjà tó ń fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀. Àwọn kan nínú wọn lè dí bakitéríà lọ́wọ́ lóòótọ́, bí wọ́n bá pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á sá algae gbẹ, á lọ̀ ọ́, á rẹ ẹ́ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù (ìyẹn ọtí líle), á jẹ́ kí ẹ́tánọ́ọ̀lù náà fẹ́ lọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni yóò wá kán sí bakitéríà lórí. Bó tilẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń gba mílígíráàmù kó tó ṣe iṣẹ́ tí máíkrógíráàmù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù) oògùn tó ń pa bakitéríà ń ṣe. Imú ní tirẹ̀ kì í dúró de púpọ̀. Ẹ wo geosmin, èròjà kan tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí: ká pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ nínú omi lítà kan ti tó kí èèyàn gbọ́ òórùn rẹ̀. Nítorí náà, pé omi ń rùn kò sọ pé oògùn wà nínú rẹ̀.

Bí òórùn àgbá yín bá wá yí padà sí ti ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ cyanobacteria ló wà níbẹ̀. Ó jọ algae lójú, àmọ́ bakitéríà ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń pèsè microcystin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí síse omi kò sì lè mú kúrò. Ẹ má mu ún, ẹ má fún ẹran ọ̀sìn mu.

Algae tútù tún máa ń fi bakitéríà pa mọ́. Ní etí adágún Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí E. coli rẹpẹtẹ nínú Cladophora, algae aláwọ̀ ewé tó ń hù bí irun níbẹ̀.

Ẹ da omi náà nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ inú àgbá, kí ẹ sì fi ìdérí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà wọlé bò ó, torí algae kì í hù láìsí ìmọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ tó láti mu àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ egbò. Bí ó bá ti pẹ́ tí kò jinná, tàbí tó ń wú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò.