Ṣé kí n gba àtúnṣe kékeré yìí sórí fóònù mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, orí fóònù ni àwọn oníbàárà sì ti ń sanwó fún mi. Fóònù náà ń sọ pé àtúnṣe kékeré (update) dé, ẹ̀rù sì ń bà mí. — Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ gbà á, Màmá. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í sábà yí ojú fóònù padà. Ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé ni ó sábà máa ń dí, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ ń gba orí fóònù kọjá fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí pé fóònù yóò kú, yóò sì tún tàn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn nọ́ńbà yín pamọ́, kí bátìrì kún, kí ó sì jẹ́ inú Settings ni ẹ ti gbà á, kì í ṣe inú àtẹ̀jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni.