Ewéko Inú Àpótí Ẹja: Ẹ Má Da Ajílẹ̀ Sí I

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ewéko kan tí wọ́n ń pè ní hornwort sínú àpótí onígíláàsì tí mo ń sin ẹja sí ní pálọ̀. Mo gbìn ín sínú yanrìn dáadáa, àmọ́ ìdí rẹ̀ ń rà, ewé rẹ̀ sì ń já. Ẹni tó tà á fún mi ní ebi ló ń pa á, kí n da ṣíbí ajílẹ̀ NPK kan sómi. Ṣé ṣíbí kan á tó?
Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da hóró kan sí i. Bí ẹ bá ti dà á, ẹ gbọ́n ìdajì omi náà dànù lónìí, kí ẹ fi omi kànga tàbí ti bóhóòlù dípò rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ń rùn kílórínì. Ẹ tún un ṣe lọ́la.

Ebi kọ́ ló ń pa ewéko yín, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ni. Hornwort (Ceratophyllum demersum) kò ní gbòǹgbò rárá. Kò dà bí òṣíbàtà tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ara ló fi ń fa oúnjẹ látinú omi, ibi tí yanrìn bá sì bò lára rẹ̀, rírà ló máa rà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yìí ti wá, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí. Àwọn tó ń sin ẹja epìyà nínú adágún oníyẹ̀pẹ̀ máa ń da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ajílẹ̀ sómi, kí ohun wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ lè pọ̀ níbẹ̀. Adágún nìyẹn o! Omi rẹ̀ pọ̀, ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Omi inú àpótí pálọ̀ lè má ju kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Nítírójìn inú NPK 15-15-15 sábà máa ń jẹ́ ti àmóníọ̀mù tàbí ti yúríà, amóníà ló sì ń dà nínú omi. Amóníà yìí ló ń jó ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni oró rẹ̀ ń le sí i, omi tiwa níbí kì í sì í tutù. Ẹja á gòkè wá máa la ẹnu lójú omi, ibi ìmí rẹ̀ á pọ́n, ilẹ̀ á sì mọ́ bá òkú. Ó máa ń bí mi nínú, torí ẹja tí ara rẹ̀ le koko ni wọ́n ń pa báyìí. Oúnjẹ tí hornwort ń wá sì ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀: ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ni.

Ẹ fà á yọ, ẹ gé ibi tó ti dúdú tó sì rọ̀, ẹ ṣan ìyókù, kó máa léfòó. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà nísàlẹ̀, ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta, kó má fún jù. Ewé tó ń já lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò burú, ẹ sáà máa fi àwọ̀n kó o kó tó jẹrà. Gílóòbù wákàtí 8 sí 10 lóòjọ́ tó o. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa.

Mi ò rí àpótí yín, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Bí ẹja bá ti ń kú, ẹ wá dókítà ẹran tó mọ̀ nípa ẹja.

Bó bá fà gùn, ẹ gé e. Ègé kọ̀ọ̀kan á máa hù lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ jù ú sí gọ́tà tàbí ọ̀sà. Àgbádárìgì ni water hyacinth, ewéko mìíràn tó ń léfòó lójú omi, gbà wọlé sí wa ní 1984, títí dòní ló ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Ẹ sá hornwort tí ẹ bá gé kó gbẹ, kí ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́.