Kí ló dé tí àwọn ará Brazil fi ń pe ọkọ̀ orí irin ìgboro ní "bonde"?

Ẹnìkan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Rio de Janeiro ló béèrè pé kí ló dé tí ọkọ̀ tó ń gba orí irin kọjá láàárín ìgboro fi ń jẹ́ "bonde" níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé "eléctrico" ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Potogí tí èdè náà ti wá. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an, torí pé orúkọ ọkọ̀ kọ́ ni bonde nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Orúkọ ìwé ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1868, Botanical Garden Rail Road, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Rio. Ìbaaka ló ń fa ọkọ̀ náà. Ọdún 1892 ni èyí tó ń lo iná mànàmáná tó dé. 200 réis, ìyẹn owó Brazil ìgbà náà, ni owó ọkọ̀, ṣẹ́ńjì sì wọ́n. Ni ilé-iṣẹ́ náà bá tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń ta márùn-ún pọ̀ ní 1,000 réis. Lásìkò yẹn gan-an ni ìjọba ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, ọ̀rọ̀ "bond", ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó ìjọba, sì gba ẹnu wọn kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ jọ ìwé ẹ̀yáwó lójú wọn, wọ́n bá ń pè é ní bond. Kò pẹ́ tí orúkọ fi kúrò lára ìwé, tó bọ́ sára ọkọ̀. Ẹnu wọn kì í fi "d" parí ọ̀rọ̀, wọ́n fi fáwẹ́lì kún un, bí àwa náà ṣe sọ "bread" di búrẹ́dì. Lẹ́nu àwọn ará Rio, "bọ́njì" ló ń dún.

Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ Electric Bond and Share ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1905 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Machado de Assis, òǹkọ̀wé ará Brazil, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́dún 1883, nípa bó ṣe yẹ kéèyàn hùwà nínú "bond".

Inú àkànlò èdè ni adùn rẹ̀ wà. Ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ó fò mọ́ bonde tó ti ń lọ; tó bá tún fẹ́ máa pàṣẹ, wọ́n á fi kún un pé ó tún fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí àǹfààní bọ́ mọ́ lọ́wọ́, bonde ti fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì, ó ti "ra bonde". Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin funk ní Rio, bonde ti di ẹgbẹ́ tàbí ọ̀wọ́ èèyàn tó jọ ń rìn, irin kankan ò sí nídìí ẹ̀ mọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn bonde Rio ló kógbá wọlé láàárín àwọn ọdún 1960. Èyí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016, VLT ni wọ́n ń pè é, ìkékúrú orúkọ Potogí tó túmọ̀ sí ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ orí irin. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá béèrè bonde lónìí, ti Santa Teresa, àdúgbò orí òkè kan ní Rio, ni, èyí tó ń gba orí àwọn ọ̀wọ̀n gíga Lapa kọjá láti ọdún 1896.