Ìyá mi kì í jẹran, àtọ̀gbẹ sì wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ n lẹ́ mà. Ìyá mi ní Ìsánlú kì í jẹ ẹran tàbí ẹja. Wọ́n ní ó ní àtọ̀gbẹ, ó sì ń lo metformin àti glibenclamide. Ó fẹ́ dín iyán kù gan-an. Kí ni kó máa jẹ?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ọmọ mi. Kó tó dín iyán kù, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa glibenclamide. Oògùn yẹn ń fa ṣúgà wálẹ̀, kódà bí èèyàn ò jẹun. Bí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò dín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi níbí ní Kàbbà: òógùn bo ojú rẹ̀, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta ni mo pò sómi fún un, mo sì tún wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ẹ̀gúsí tí tẹ̀tẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, wàrà sóyà, olú, ilá, ikàn àti ẹyin (bó bá ń jẹ ẹ́) ló dára. Ẹ̀wà náà ní ṣúgà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè gbé e sókè bí iyán. Kó má kún àwo. Ògì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún! Gbogbo èèyàn ló ń gbé e fún aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ó ń sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wu ìyá láti jẹ iyán, òkèlè kékeré méjì tó, kó jẹ ẹ̀fọ́ ṣáájú.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ vitamin B12 rẹ̀ wò. Metformin ń dín in kù, ẹni tí kì í jẹran sì lè má rí i tó. Bí B12 ò bá tó, ẹsẹ̀ lè máa ta èèyàn. Ṣé ẹsẹ̀ máa ń ta ìyá?