Ìbéèrè Àwọn Asáré: Òkè Èkìtì, Ọ̀nà Oko àti Yèrèpè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé lójú títì tó tẹ́jú. A fẹ́ wá sáré lókè Èkìtì lẹ́yìn Kérésìmesì. Ọ̀nà wo ni ká gbà tí a ó fi rí igbó àti òkè dáadáa? *Asáré Bódìjà*

ÌDÁHÙN: Ẹ káàbọ̀ sílé wa ná. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà tiwa ni n ó kọ́kọ́ pè.

Ọ̀nà tí ọkàn mi fẹ́ jù lọ ni èyí tó lọ láti Ìpólé-Ìlórò sí Ìkógòsì. Títì ni, ṣùgbọ́n igi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ ní kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbéra láti Ìkógòsì torí ibẹ̀ ni wọ́n sùn sí, wọ́n á wá parí eré sí ìdí omi Àrìnta ní Ìpólé. Mi ò fara mọ́ ọn. Orí àpáta ni Àrìnta ti ń já wálẹ̀, òkúta tó yí i ká máa ń yọ̀, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò sì yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọkọ̀ dé Ìpólé, ẹ wo Àrìnta nígbà tí ara yín ṣì le, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sáré bọ̀ sí Ìkógòsì. Níbẹ̀, odò gbígbóná àti odò tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Èyí tó gbóná náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Ẹ jókòó, kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí oògùn ẹsẹ̀ tó dùn tó o.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wá sí Ẹ̀fọ̀n. Àwọn ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìn ìlú gun orí òkè ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Òkè tiwa kì í ṣe àpáta ribiti tó dá dúró bí Olósùnta ti Ìkéré. Òkè gbọọrọ tó tò tẹ̀lé ara wọn ni, ó sì lọ sí ìhà àríwá títí dé agbègbè Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ àti ti Ìbàdàn ti kojú ara wọn nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ara yín gun irú ibẹ̀ yẹn, ẹ ó rí i pé ẹni tó bá ti di orí òkè mú, lílé e kúrò kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà.

Òkúta funfun wẹ́wẹ́ ló kún ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn, ẹnu wọn mú, wọ́n sì máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ gé ìgbésẹ̀ yín kúrú. Tí èémí bá ti ń ká yín lára, ẹ rìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ru kòkó bọ̀ láti oko kì í sáré, síbẹ̀ mo ti rí wọn tí wọ́n kọjá lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó sáré gun òkè tán tí wọ́n wá dúró tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni orúnkún máa ń jìyà: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkè Ìdànrè. Oǹdó nìyẹn, ó sì lẹ́wà púpọ̀. Láti 2007 ni ó ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO fún àgbéyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ibi àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ẹ ó gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Ẹ rìn ín. Ẹni tó bá sáré gun ún, àtẹ̀gùn tó kàn nìkan ni yóò rí. Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní ìpele méje, ibi ìrìn ni, kì í ṣe ibi eré.

Àti pé, kí ẹ tó wá rárá, ìlú tó ní Òkè Mápó, tó ní Òkè Àrẹ̀mọ níbi tí ilé gogoro Láyípo ti dúró láti 1936, kí ni ẹ ń fi títì tó tẹ́jú ṣe? Ẹ lọ gun òkè ilé yín.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ọmọbìnrin mi wà nílé-ìwé ní Ìkéré. Ó ní ojú ọ̀nà oko ni òun ti ń sáré láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n ní kó jáwọ́? *Ìyá kan, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín tọ́, màmá. Àwọn ajínigbé ti sọ inú igbó àti ojú ọ̀nà ilẹ̀ wa di ohun tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Kò gbọdọ̀ dá sáré níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fòfin dè é. Àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́, èyí tí wọ́n bá ti kọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ sáré, ìkọ̀kọ̀ ló máa ń bá lọ, ìyẹn ló sì léwu jù.

Kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abà tí ọ̀nà náà gbà kọjá, kí wọ́n sì kí olórí ọdẹ. Ọdẹ mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà lọ́sẹ̀ yìí àti èyí tí kò ṣeé gbà. Ó sì mọ ibi tí òun dẹ pàkúté sí, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ sọ fún un pé kó máa kí èèyàn. Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Ojú tí àgbẹ̀ fi ń wo asáré nìyẹn. Tó bá rí ọmọ tó ń sáré bọ̀ láàárín kòkó, yóò rò pé nǹkan ń lé e, tàbí pé ó jí nǹkan. Kó dẹ ẹsẹ̀, kó ní, "Ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o!" Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí kò bá sì kọjá, wọ́n á bèèrè rẹ̀. Ààbò yẹn ju ti fóònù lọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà dé àfonífojì.

Ní ti Ìkéré gan-an: àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀, pàápàá níbi tó ti dúdú. Wọ́n tún máa ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Olósùnta kì í ṣe òkè lásán, wọ́n ń bọ ọ́, nítorí náà kó bi àwọn onílẹ̀ kó tó gun ibikíbi. Kó tún bèèrè ọjọ́ orò, nítorí obìnrin ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ilé o. Sheffield ni mo wà, òkè ni mo sì máa ń sáré lé níbí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Mò ń bọ̀ nílé ní Kejìlá. Kí ni mo ní láti mọ̀? *Ọmọ Èkìtì lẹ́yìn odi*

ÌDÁHÙN: Òkè yẹn ti mọ́ yín lára, ooru ló kù. Ara máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó bá ooru wa rẹ́, nítorí náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sáré ìdajì ohun tí ẹ rò pé ẹ lè sá. Ní Kejìlá, òòrùn ń yọ ní aago méje ku díẹ̀, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn kì í fi àkókò ṣòfò. Òwúrọ̀ ni kí ẹ mú. Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kó tutù, àmọ́ ó ń gbẹ ọ̀fun, ẹ gbé omi dání, ẹ má mu ti odò. Tí ẹ bá rí èéfín, iná oko ni, ẹ yí padà. Kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà, ẹ yà fún un, owó ilé-ìwé ọmọ ẹnìkan ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé bàtà olówó gọbọi pọn dandan? *Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì*

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi. Èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó lè di ilẹ̀ mú, tí kò fún ọ lọ́mọ ìka, ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sáré gba inú igbó kan kọjá, gbogbo ara wa bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa bí ẹni pé kí a bọ́ awọ. Kí ni ká ṣe nígbà mìíràn? *Ẹgbẹ́ asáré kan, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Yèrèpè ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ máa ń gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé irun ara rẹ̀ kiri, nítorí náà ẹ lè máà fara kàn án rárá kó tó mú yín. Ẹ wo òkè: ìtàkùn ni, èso rẹ̀ a máa rọ̀ ní òṣùṣù, irun rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. Tó bá ti bà yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má fọwọ́ ra á, torí ńṣe ni ẹ ó máa tì í wọ ara. Ẹ bọ́ aṣọ tó wà lọ́rùn yín, ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan lẹ̀ ẹ́ kúrò lára díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀. Ẹ má kó aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ará ilé nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú yín.