Àwòrán Wa Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni wọ́n fi àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kan ta wá lọ́rẹ, nínú férémù. Ògiri tó dojú kọ fèrèsé la gbé e kọ́ sí. Ní báyìí, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bébà rẹ̀ ti hunjọ, apá kan sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ọkọ mi ní ká kúkú ra tuntun, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí ǹ bá yàn. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ipá ṣí bébà yẹn. Bí ẹ bá fà á pẹ́nrẹ́n, ojú Pétérù á bá gíláàsì lọ. Bó bá jẹ́ nítorí ẹni tó fún yín ni ẹ ò ṣe fẹ́ kó sọnù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Àwọ̀ tó ti ṣá kò ní padà mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọkọ yín ló jàre.

Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe, ohun tó sì sábà máa ń fà á ni pé wọ́n tẹ́ bébà mọ́ gíláàsì láìsí àlàfo. Bí òtútù bá mú gíláàsì, ìrì á sẹ̀ sí i nínú, bébà á mu ún, á wú, á sì lẹ̀ pinpin. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí tí wọ́n dá àárín rẹ̀ lu sáàárín àwòrán tuntun àti gíláàsì. Kí páálí náà má ní ásíìdì nínú o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí àwòrán á pọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹ tún lẹ rọ́bà kékeré mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn férémù, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá.

Kì í ṣe tiyín nìkan ló bà jẹ́. Ara ògiri ni Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ya ojúlówó rẹ̀ sí ní ìlú Milan, ní nǹkan bí 1495 sí 1498. Ògiri tó ti gbẹ ló kun ọ̀dà sí, kì í ṣe èyí tó ṣì tutù. Kó tó kú ní 1519, ọ̀dà ti ń bó. Àtúnṣe tó parí ní 1999 gbà ju 20 ọdún lọ. Ojúlówó yẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 880, ó sì ga tó 460. Bí èyí tí wọ́n ń tà fún yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóròó àti níbùú, wọ́n ti gé e ni. Ẹ ka orí àwọn tó wà nídìí tábìlì: 13 ni.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, ìpadàbọ̀ Ọmọ Onínàákúnàá tí Rembrandt yà ni màá mú, èyí tí ojúlówó rẹ̀ wà ní Hermitage, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ sí ní Rọ́ṣíà. Ẹ wo bàtà tó bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà; ẹ wo ọwọ́ méjèèjì tí bàbá gbé lé e lẹ́yìn. Àwọn ìbejì á béèrè ibi tó ti ń bọ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi rí báyẹn, ẹ ó sì ṣí Lúùkù 15 fún wọn. Àlébù rẹ̀ ni pé ó ṣókùnkùn: bó bá kọjú sí fèrèsé, gíláàsì á di dígí, ojú ara yín lẹ ó máa rí.

Nítorí náà, ẹ wá ògiri mìíràn, tí oòrùn ò ní máa tàn sí. Kí àárín àwòrán ga tó sẹ̀ǹtímítà 150 sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè àga gígùn ni, ẹ fi 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín àga àti férémù. Kí ọkọ yín kan ìṣó méjì, torí oníṣòó kan ló máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn dé gbà.