Ṣé kí n lọ ṣe scan ọpọlọ ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, Dókítà wa. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 11, kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹjọ́ ẹ̀ táwọn tísà ń mú wá ti sú mi, nílé náà tí n bá rán an níṣẹ́ mẹ́ta ọ̀kan ló máa jẹ́. Wọ́n ní ó jọ ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kọ́mọ lè fara balẹ̀ tàbí kó pọkàn pọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ògógóró ló pa bàbá ọkọ mi, àbúrò ọkọ mi tá a jọ ń gbé náà ti wọ̀ ọ́, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ dà bíi tiwọn. Àǹtí mi l'Ábújá ní òun kà á pé ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń yàtọ̀, ká gbé e lọ Ìlọrin fún scan. – Ìyá Dàre, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Òkun o, Ìyá Dàre. Ẹ má náwó yẹn. Ohun tí àǹtí yín kà kì í ṣe irọ́ o: wọ́n máa ń gbé ọmọ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya fọ́tò inú ọpọlọ, wọ́n á ní kó máa tẹ bọ́tìnnì tó bá rí lẹ́tà kan, kó má tẹ̀ ẹ́ tó bá rí òmíì. Tí wọ́n bá kó àwọn tó ní ADHD jọ, apá iwájú ọpọlọ tó ń sọ féèyàn pé dúró ná kì í sábà ṣiṣẹ́ tó tàwọn ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn ìwádìí kan, tọmọ onímutí náà ti yàtọ̀ kó tó fẹnu kan ọtí rárá. Àmọ́ àròpọ̀ ọmọ púpọ̀ nìyẹn, ti ọmọ kan ṣoṣo ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, kò sí dókítà tó lè wo fọ́tò ọpọlọ Dàre kó ní onímutí lọ́la rèé.

Ìbéèrè ni wọ́n fi ń mọ ADHD: ṣé ó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 12, ṣé nílé àti níléèwé ni. Tiyín bá méjèèjì mu, torí náà ẹ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ etí àti ojú ẹ̀ wò, kí wọ́n bi yín nípa oorun ẹ̀. Tí wọ́n bá fún un lóògùn tó sì ń lò ó bí wọ́n ṣe ní, ẹ má bẹ̀rù pé ìyẹn ló máa sọ ọ́ di ajoògùnyó.

Ti ọtí, lóòótọ́ ó ń bá ẹbí rìn, àmọ́ ìgbà téèyàn bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì gan-an. Ìwádìí ńlá kan tó jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1997 rí i pé nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé 15, nǹkan bí 40 nínú 100 ló padà di ẹrú ọtí, àwọn tó dúró di 20, nǹkan bí 10 péré. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, àgbà á bu ẹmu sí ìsàlẹ̀ ife, á ní kọ́mọ tọ́ ọ wò, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbà á. Ta ló sì ń lọ ra ògógóró wá fún àbúrò ọkọ yín? Tó bá jẹ́ Dàre ni, kí bàbá ẹ̀ bá àbúrò ẹ̀ sọ ọ́ lónìí, kó máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ.